Ta Ni Kò Ní Lè Kọ̀? Ìtàn Pàǹtírí Olóró láti Warren County dé Etíkun Wa, 1978–1991

Ìfáárà

Nínú ètò ìlú Yorùbá àtijọ́, agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní ààtàn tirẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń wà, níbi tí ilé parí sí tí igbó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbálẹ̀ ló ń da ohun tó gbá sí ẹ̀yìn ilé ara rẹ̀. Bó bá sì ń rùn, imú tirẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbóòórùn. N kò sọ pé ètò yìí mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n òfin kan wà nínú rẹ̀ tí kò ṣòro láti lóye: ohun tí o bá dà nù, ìwọ ni yóò máa gbé nítòsí rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ tọpa rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí òfin náà ṣe dàrú láyé òde òní, bí ẹni tó ṣe pàǹtírí ṣe ń gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé ẹlòmíràn, àti bí ó ṣe ń yan ẹlòmíràn náà. Àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà fún ìṣe yìí ní orúkọ kan lẹ́yìn ọdún 1980, èyí tí èdè Faransé yá lò gẹ́gẹ́ bí racisme environnemental. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà lórí àyíká. Ọ̀pọ̀ wa tí a kàwé ní èdè Faransé gbà pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ni, pé kò kàn wá. Èrò tèmi yàtọ̀. Mo gbà pé ìtàn kan náà ni ìtàn Warren County ní 1982 àti ìtàn ìwé àdéhùn tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ bu ọwọ́ lù ní 1988. Ìbéèrè kan ló so wọ́n pọ̀, èyí tí ẹni tó ń wá ibi da pàǹtírí sí máa ń bi ara rẹ̀ kó tó ṣí ọkọ̀: ta ni kò ní lè kọ̀?

1. Òróró lẹ́bàá títì: North Carolina, 1978 sí 1982

PCB ni orúkọ tí wọ́n ń pe àkójọ àwọn kẹ́míkà kan tí àwọn ilé iṣẹ́ máa ń lò nínú òróró ẹ̀rọ tó ń pín iná mànàmáná, nítorí pé kì í tètè gbiná. Ohun tó mú un wúlò náà ló mú un léwu: kì í jẹrà. Bó bá wọ ilẹ̀, inú ilẹ̀ ni yóò wà. Bó bá wọ odò, yóò wọ ọ̀rá ẹja, yóò sì ti ibẹ̀ wọ ara ẹni tó jẹ ẹja náà. Ní ọdún 1976, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin tó fòpin sí ṣíṣe é, wọ́n sì ṣe òfin mìíràn lórí bí a ó ṣe máa da pàǹtírí eléwu nù. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní òróró tó ní PCB lọ́wọ́ kò lè dà á nù láìnáwó gọbọi.

Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ọdún 1978, àwọn kan tí wọn kò fẹ́ náwó náà wa ọkọ̀ lóru káàkiri ìpínlẹ̀ North Carolina, wọ́n sì ń tú òróró náà sẹ́bàá títì bí ọkọ̀ ti ń lọ. Wọ́n tú nǹkan bí 31,000 gálọ́ọ̀nù sí ẹ̀bá títì tó gùn ju 200 máìlì lọ. Ọwọ́ òfin tẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti bàjẹ́, ó sì di dandan kí ìjọba ìpínlẹ̀ wa ilẹ̀ náà kúrò, kó sì wá ibi tí yóò sin ín sí.

Ibi tí wọ́n yàn ni abúlé Afton ní Warren County. Nínú gbogbo ìpínlẹ̀ náà, Warren County ni ìdá àwọn aláwọ̀ dúdú ti pọ̀ jù: nínú ènìyàn 100, ó lé ní 60. Ó sì wà lára àwọn agbègbè tó tòṣì jù. Ìjọba sọ pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ló yan ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Omi kànga ni ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ń mu. Òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé ó gbọ́dọ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 50 láti ìsàlẹ̀ irú kòtò bẹ́ẹ̀ dé omi abẹ́ ilẹ̀. Ní Afton, kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ. Dípò kí wọ́n wá ilẹ̀ mìíràn, EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àyíká, yọ̀ǹda kí wọ́n má tẹ̀lé òfin náà. Bí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ bá ló ń yan ibi ìsìnkú pàǹtírí, Afton kọ́ ni yóò yàn.

Àwọn ará ìlú gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́, wọn kò jàre. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982, ọkọ̀ àkọ́kọ́ dé. Àwọn ènìyàn péjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi Coley Springs, wọ́n rìn lọ pàdé àwọn ọkọ̀ náà, wọ́n sì dùbúlẹ̀ sójú títì níwájú wọn. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ojoojúmọ́ ni ọlọ́pàá ń kó ènìyàn, àwọn tí wọ́n mú sì ju 500 lọ. Walter Fauntroy, tó ń ṣojú Washington ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wà lára wọn. Benjamin Chavis, àlùfáà tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn, ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé gbà pé ó kọ́kọ́ pe ìwà náà ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Síbẹ̀, àwọn ọkọ̀ náà wọlé. Wọ́n já erùpẹ̀ ọkọ̀ tó ju 7,000 lọ. Gómìnà Jim Hunt ṣèlérí pé nígbà tí ọ̀nà bá wà láti pa oró náà, ìjọba yóò pa á. Ó di òpin ọdún 2003 kí iṣẹ́ náà tó parí. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ dé ti pé ọmọ ọdún 21.

2. Láti ẹnu dé orí ìṣirò

Àwọn ará Afton sọ pé àwọ̀ wọn ló fà á. Kí ayé tó lè gbà á, ó di ohun tí wọ́n ní láti fi nọ́ńbà gbè lẹ́sẹ̀.

Iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ní 1979, agbẹjọ́rò Linda McKeever Bullard ń gba ẹjọ́ àwọn ará Northwood Manor rò, àdúgbò kan tí wọ́n fẹ́ kọ́ ààtàn ńlá sí. Ó ní kí ọkọ rẹ̀, Robert Bullard, onímọ̀ nípa àwùjọ, lọ ka gbogbo ààtàn tó wà ní ìlú náà. Ó rí i pé gbogbo ààtàn márààrún tí ìjọba ìlú ní, àdúgbò aláwọ̀ dúdú ni wọ́n wà. Nínú ilé ìjópàǹtírí mẹ́jọ tí ìjọba ìlú ní, mẹ́fà wà níbẹ̀. Síbẹ̀, nínú ènìyàn 100 ní Houston, bí 25 péré ni aláwọ̀ dúdú. Ohun tó yẹ ká kíyè sí ni pé àwọn ará Northwood Manor kì í ṣe tálákà: ilé ara wọn ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì rí jẹ rí mu. Nítorí náà, a kò lè sọ pé òṣì nìkan ló ń fa ààtàn. Wọn kò jàre ní ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò parẹ́.

Lẹ́yìn Warren County, Fauntroy ní kí ọ́fíìsì tó ń ṣe àyẹ̀wò ìnáwó fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wádìí ọ̀rọ̀ náà ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ ní gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Ìwádìí náà jáde ní 1983. Kòtò ńlá mẹ́rin ni wọ́n rí tó ń gba pàǹtírí eléwu. Ní àyíká mẹ́ta nínú wọn, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù. Ní 1987, àjọ ìjọ United Church of Christ tó ń jà fún ìdájọ́ òdodo láàárín ẹ̀yà wádìí gbogbo orílẹ̀-èdè náà, Chavis sì ni olórí àjọ náà. Wọ́n rí i pé ẹ̀yà àwọn tó ń gbé àdúgbò kan sọ ju iye owó tó ń wọlé fún wọn lọ nípa bóyá pàǹtírí olóró yóò wà nítòsí wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1994, Ààrẹ Bill Clinton bu ọwọ́ lu àṣẹ kan tó ní kí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa wo ìpalára tí iṣẹ́ wọn ń ṣe fún àwọn ẹ̀yà kéékèèké àti àwọn tálákà.

3. Nígbà tí ilẹ̀ òkèèrè di ẹ̀yìnkùlé

Àwọn ọdún tí àwọn ènìyàn Amẹ́ríkà ń kọ́ bí a ṣe ń kọ̀ náà ni pàǹtírí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ ojú omi. Kò yẹ kó yani lẹ́nu. Bí òfin bá ti le sí i nílé, tí ohùn àwọn aládùúgbò sì ń ròkè, owó tí a fi ń da pàǹtírí nù á máa ga. Òfin tó dáàbò bo ẹnì kan láìdáàbò bo ẹnì kejì, ọ̀nà ilé ẹnì kejì ló ń fi han pàǹtírí.

Ẹ wo eérú pàǹtírí ìlú Philadelphia. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1988, ọkọ̀ kan já nǹkan bí 15,000 tọ́ọ̀nù rẹ̀ sí erékùṣù Kassa, nítòsí Conakry ní Gíní. Ohun èlò ìṣe bíríkì ni wọ́n pè é nínú ìwé. Nígbà tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ni àwọn ènìyàn tó fura. Ní àkókò kan náà, ọkọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ Khian Sea da nǹkan bí 4,000 tọ́ọ̀nù eérú ìlú yìí kan náà sí etíkun Gonaïves ní Haiti. Wọ́n ní ajílẹ̀ ni. Kí àwa tí a ń kọ́ èdè fi ojú sí èyí: kí wọ́n tó já ẹrù, orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ yí padà.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1988 yìí náà, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn pẹ̀lú Sesco, ilé iṣẹ́ kan tó forúkọ sílẹ̀ ní Gibraltar. Bẹ̀nẹ̀ yóò máa gba pàǹtírí láti òkèèrè fún ọdún mẹ́wàá, láti mílíọ̀nù kan títí dé mílíọ̀nù márùn-ún tọ́ọ̀nù lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Dọ́là 2.50 ni owó orí tọ́ọ̀nù kan. Nígbà náà, dída irú pàǹtírí bẹ́ẹ̀ nù ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é lè gba ju 100 dọ́là lọ lórí tọ́ọ̀nù kan. Wọ́n fi 40 dọ́là lọ Guinea-Bissau nínú irú àdéhùn kan náà. Tiwa pọ́ọ́kú ju tiwọn lọ.

Kí ló dé tí ìjọba kan yóò fi gbà bẹ́ẹ̀? Ìjọba Mathieu Kérékou ti dé etí bèbè nígbà náà. Àwọn bánkì ìjọba ti ń dẹnu kọlẹ̀, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ kò sì jáde déédéé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1989, akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà. Afton ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti lè péjọ, ó ní títì tí wọ́n lè dùbúlẹ̀ sí. Ẹni tó wà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ ní 1988 kò ní ọ̀nà àtigbọ́ pé wọ́n ti ta ilẹ̀ lórí rẹ̀. Ìròyìn náà ló jáde sí ayé, tí ariwo sọ, kí ìjọba tó yẹ àdéhùn náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Koko fi hàn bí ì bá ti rí fún wa. Etí odò ni Koko wà, ní apá ibi tí à ń pè ní ìpínlẹ̀ Delta ní Nàìjíríà lónìí, láàárín àwọn Ìṣẹ́kírì tí èdè wọn bá Yorùbá tan. Láàárín 1987 sí 1988, ọkọ̀ mélòó kan gbé nǹkan bí 3,800 tọ́ọ̀nù pàǹtírí olóró wá láti Ítálì. Wọ́n tò ó sínú àgbàlá ọkùnrin kan nínú ìlú, wọ́n sì ń san nǹkan bí 100 dọ́là fún un lóṣù. PCB wà nínú rẹ̀, oró kan náà tí àwọn ará Afton dùbúlẹ̀ sójú títì nítorí rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ló rí ọ̀rọ̀ náà kà nínú ìwé ìròyìn ibẹ̀, tí wọ́n sì kọ̀wé sílé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1988, ọ̀rọ̀ náà di ariwo ní Èkó. Nàìjíríà pe aṣojú rẹ̀ ní Ítálì padà sílé, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ ojú omi Ítálì kan.

Nígbà tí Ítálì gbà láti kó ẹrù rẹ̀, ọkọ̀ Karin B gbé apá kan rẹ̀ lọ. Sípéènì kò gbà á. Faransé kò gbà á. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì Ìwọ̀-oòrùn àti Nẹ́dálándì kò gbà á. Ẹrù tí wọ́n ní kò lè pa ẹnikẹ́ni lára nínú àgbàlá kan ní Koko, kò sí èbúté kan ní Yúróòpù tó fẹ́ kó sùn mọ́jú lọ́dọ̀ òun. Àwọn tó lè kọ̀, wọ́n kọ̀.

4. Ṣé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni, nígbà tó jẹ́ pé ará ilé ló bu ọwọ́ lùwé?

Ìbéèrè kan wà tí n kò lè fò. Ní Warren County, a lè tọ́ka sí àwọ̀ àwọn tó jìyà àti àwọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó pàṣẹ. Ní Bẹ̀nẹ̀, aláwọ̀ dúdú ló bu ọwọ́ lu ìwé. Ní Koko, ọmọ ìlú ló yá wọn ní àgbàlá. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ǹjẹ́ orúkọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fún ọ̀rọ̀ náà bá tiwa mu?

Mo rò pé ó bá a mu, bí a bá wo ibi tí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń sá pamọ́ sí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, Lawrence Summers, tó jẹ́ àgbà onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Báńkì Àgbáyé, bu ọwọ́ lu ìwé abẹ́lé kan tó padà hàn sí gbangba. Ìwé náà rò ó báyìí: àdánù tí àìsàn ń mú wá, owó iṣẹ́ tí aláìsàn ì bá ti gbà ni a fi ń díwọ̀n rẹ̀, nítorí náà, ibi tí owó iṣẹ́ ti kéré jù ló yẹ kí pàǹtírí olóró lọ. Summers sọ nígbà tó yá pé ìyẹ̀yẹ́ ni òun fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Yálà ìyẹ̀yẹ́ ni tàbí òótọ́, ìṣirò tí àdéhùn dọ́là 2.50 dúró lé lórí náà nìyẹn. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni kórìíra wa. Ìtàn oko ẹrú àti ti ìjọba àwọn òyìnbó amúnisìn ti sọ ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ yóò kéré àti ẹni tí ohùn rẹ̀ kò ní dé ibi tí wọ́n ti ń bu ọwọ́ lùwé. Ẹni tó ń wá ibi da pàǹtírí sí kàn ń ka ohun tí ìtàn náà ti kọ sílẹ̀ ni. Ará ilé tó bu ọwọ́ lùwé kò mú ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà kúrò níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ló ṣí fún un.

5. Ọ̀rọ̀ tí a fi kọ̀

Ìdáhùn Áfíríkà yára. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1988, àwọn mínísítà OUA kéde ní Addis Ababa pé ìwà ọ̀daràn sí Áfíríkà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni dída pàǹtírí olóró sí ilẹ̀ wa. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn olórí CEDEAO pàdé ní Lomé, wọ́n sì fẹnu kò pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣòfin láti fìyà jẹ ẹni tó bá gbà á wọlé. Ní Lomé yìí náà, ní oṣù Kejìlá ọdún 1989, Yúróòpù bu ọwọ́ lu àdéhùn Lomé kẹrin, tó ka kíkó irú pàǹtírí bẹ́ẹ̀ wá sí àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n jọ ṣàdéhùn léèwọ̀. Àdéhùn Bamako tẹ̀ lé e ní oṣù Kìíní ọdún 1991.

Ṣùgbọ́n èyí tó kàn mí jù ni Ìwé Òfin Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, tí Àpérò Orílẹ̀-èdè ti oṣù Kejì ọdún náà ṣínà fún. Abala 27 sọ pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó mọ́. Abala 29 sọ pé ìwà ọ̀daràn sí orílẹ̀-èdè ni kíkó pàǹtírí olóró ilẹ̀ òkèèrè wọlé, gbígbé e kọjá, sísin ín tàbí dída á sílẹ̀. Ó wá fi gbólóhùn kúkúrú kan kún un: bẹ́ẹ̀ náà ni àdéhùn èyíkéyìí tó bá jẹ mọ́ ọn. Ẹni tí kò mọ ìtàn 1988 lè ka gbólóhùn yìí kọjá bí àfikún lásán. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò rí ìwé Sesco lẹ́yìn rẹ̀. Abala 74 lọ jìnnà ju ìyẹn lọ: bí Ààrẹ bá ṣe ohun tó ba àyíká tó mọ́ jẹ́, ó wà lára ohun tí a ó kà sí haute trahison.

Báwo la ṣe ń sọ haute trahison ní Yorùbá? Ẹni tó bá hu irú ìwà bẹ́ẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ ni, ó dalẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe dà, ohùn ìsàlẹ̀ ló ní. Bó bá ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, ohùn náà a di ohùn àárín, a ó sì gbọ́ dalẹ̀. Bákan náà gẹ́lẹ́ la ṣe ń pe ti ẹni tó lọ da ilẹ̀ tó gbá sórí ààtàn. Ilẹ̀ ti àkọ́kọ́ ni ilẹ̀ tí a fi ń mulẹ̀, tó jẹ́ ẹlẹ́rìí májẹ̀mú. Ilẹ̀ ti ìkejì ni ìdọ̀tí tí ìgbálẹ̀ kó jọ. N kò sọ pé ìró kan náà sọ wọ́n di ọ̀rọ̀ kan náà. Mo kàn ń sọ pé ohun tí àwọn tó kọ Ìwé Òfin 1990 ní láti fi abala méjì sọ ní èdè Faransé, ìró kan ṣoṣo ti gbé e pọ̀ ní èdè wa. Àwọn àgbà sì ti sọ ìdájọ́ rẹ̀: ẹni tó bá dalẹ̀, yóò bá ilẹ̀ lọ.

Ìkádìí

Òfin nìkan kò tó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, ọkọ̀ Probo Koala gbé pàǹtírí olóró dé Abidjan. Amsterdam ló ti kọ́kọ́ fẹ́ já a sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ iye tí yóò ná an níbẹ̀, ó fà á padà sínú ọkọ̀. Wọ́n dà á káàkiri àyíká Abidjan lóru, títí kan Akouédo, abúlé tí ìlú náà ti ń da pàǹtírí sí tipẹ́. Àwọn tó lọ sí ilé ìwòsàn ju 100,000 lọ. Côte d'Ivoire sì ti wà nínú àdéhùn Bamako nígbà náà.

Nínú gbogbo ìtàn tí mo sọ yìí, èdè ló ṣílẹ̀kùn, èdè náà ló sì tì í. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé ajílẹ̀ ni kò ní kọ ajílẹ̀. Lẹ́tà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ èdè Ítálì ló gba Koko sílẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún ìwà náà ní Warren County ló jẹ́ kí àwọn mìíràn mọ̀ pé ohun tó ń ṣe wọ́n kì í ṣe àdámọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ló wà níwájú wa nínú ẹ̀ka yìí. Èkíní ni pé kí a wá ọ̀rọ̀ tó péye, tí ará ọjà yóò gbọ́, fún PCB, fún pàǹtírí olóró àti fún omi abẹ́ ilẹ̀ tó bàjẹ́. Èkejì ni pé kí Abala 29 dé etí ẹni tí kò gbọ́ Faransé, pẹ̀lú gbólóhùn kékeré tó wà ní ìparí rẹ̀. Bí wọ́n bá tún gbé àdéhùn mìíràn wá lọ́la, ẹni tí yóò gbé nítòsí ààtàn náà ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ gan-an, kó lè kọ̀.